Bí Mo Ṣe Gbé Aago Mọ́ṣáláṣí Lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú yín ló ti gbé aago mọ́ṣáláṣí sí orí itan gun ọ̀kadà rí? Kò sí? Mo mọ̀. Àwọn èèyàn gidi kì í ṣe irú ẹ̀. Èmi ti ṣe é, mo sì padà wálé láàyè, àfi sílípáàsì mi ẹsẹ̀ òsì tí kò padà wálé tán.

Wàsíù lorúkọ mi, ọmọ Ẹ̀jìgbò. Mo ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì, mo ń retí yunifásítì. Yunifásítì ò tíì mọ̀ pé mo ń retí òun. Kí n tó débẹ̀, nǹkan ni mò ń tú kiri ilé: rédíò, fáànù, fóònù ìyá mi. Èyí tó bá ṣeé tò padà, mo máa ń tò ó padà. Èyí tí kò bá ṣeé tò, mo máa ń ṣàlàyé.

Bàbá mi wà ní Abíjàn, bíi bàbá ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò wa. Aṣọ ni wọ́n ń rán níbẹ̀. Ìgbà kan, wọ́n ra aago ńlá kan, wọ́n fi rán awakọ̀ sí mọ́ṣáláṣí wa: aago oníná, tó ń fi nọ́ńbà pupa hàn, tó sì ń pe ìrun fúnra ẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Wọ́n gbé e kọ́ sí apá ọ̀tún Lèmọ́mù. Àkókò tó ń sọ ò lábùkù. Tí fóònù yín bá ní aago méjì lù, òun náà á ní aago méjì. Ìrun ló máa ń pè ṣáájú, bí ìdajì wákàtí, àti ní àárọ̀, àti ní alẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn ń bá a wá àwíjàre, wọ́n ní ó fẹ́ ká tètè ṣe àlùwàlá ni. Àfi ọjọ́ Mọ́ńdè kan tí Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ń gbààwẹ̀ nọ́fílà. Aago pe Mọ̀gàríbì. Ìyá Àgbà mu omi, wọ́n jẹ dàbínù mẹ́ta, wọ́n wá yọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Oòrùn wà níbẹ̀, ó ń wò wọ́n.

Lèmọ́mù pè mí. "Wàsíù, ààwẹ̀ ti dé tán. Bí aago yìí bá fún gbogbo ìjọ lómi mu nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn, ta ló máa bá wa san án? Tó bá di Jímọ̀ tí kò tíì gbọ́ràn, a ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Bàbá mi sì ń bọ̀ wá gba ààwẹ̀ nílé. Wọ́n ti sọ fún gbogbo onítélọ̀ Abíjàn nípa aago yẹn. Tí wọ́n bá wọ mọ́ṣáláṣí, ìṣó tí a fi gbé e kọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí.

Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, Bàbá." Ẹnu mi ló sọ ọ́. Èmi ò sí níbẹ̀.

Mo gbé aago náà wálé, mo tú u. Ṣíìpù mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀: ọ̀kan ń ka àkókò, ọ̀kan ń rántí nǹkan, ọ̀kan ni ọ̀gá wọn. Iná ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Iná á wà, iná ò ní sí, iná á tún wà, kíákíá ju ojú lọ. Mo gbà pé ọ̀kan nínú wọn ló ń parọ́. Ẹ̀rọ kan wà tó máa ń dẹtí sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tó sì máa ń kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà. Lójíìkì ànáláísà ni wọ́n ń pè é. Èmi pè é ní Elétí-Ọfẹ. Owó tí mo máa fi rà á ò sí lápò mi, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti kọ́ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì béèyàn ṣe lè ṣe é nílé. Ó ní ó rọrùn. Àwọn tí nǹkan wà nítòsí wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Bọ́ọ̀dù kékeré tó máa jẹ́ ọpọlọ ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, kọ̀ǹpútà àlòkù náà wà. Ohun mẹ́ta ló kù: ṣíìpù kan tó máa dúró sáàárín aago àti bọ́ọ̀dù mi, ìkọ́ wẹ́wẹ́ tó máa di ẹsẹ̀ ṣíìpù mú, àti wáyà pẹlẹbẹ. Ṣíìpù yẹn ló ṣe pàtàkì. Iná fóòtì márùn-ún ni aago fi ń sọ̀rọ̀, bọ́ọ̀dù mi ò sì lè gbà ju mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá pàdé láìsí alárinà, bọ́ọ̀dù mi á kú. Wọ́n ní Èkó ni mo ti lè rí ṣíìpù náà, á sì dé lẹ́yìn Jímọ̀. Ló bá di pé kí n lọ wá àfirọ́pò lọ́dọ̀ Músíò Ràímì ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. "Músíò" ni "ọ̀gbẹ́ni" lédè Faransé. Abíjàn ni bàbá yẹn ti kọ́ṣẹ́ rédíò kí wọ́n tó padà wálé, òkìtì òkú tẹlifíṣọ̀n tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn sì lókìkí.

Lọ́jọ́rú, aago pe Asùbáà nínú yàrá mi, mo fò dìde, mo wọṣọ, mo gbé e, ó di gáréèjì. Kò sí ajá kan níbẹ̀. Mo dúró nínú òkùnkùn tó ìdajì wákàtí kí àwọn ládàánì tó bẹ̀rẹ̀ sí pe Asùbáà gidi. Aago tí mo mọ̀ pé òpùrọ́ ni, òun ló jí mi, mo sì gbà á gbọ́. Mo padà sílé. Ìyá mi rí i pé mo ti wọṣọ, wọ́n ní kí n pọnmi. Mo pọnmi tán, wọ́n ní kí n gbé ẹ̀gẹ́ lọ ilé ìlọta. Ẹni tó bá jí ṣáájú ìlú, ìlú á bá a níṣẹ́. Ó ti ku díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù kí n tó gun ọ̀kadà Sàká, ọmọ àdúgbò wa. Mo fi ìró ìyá mi kan di aago náà, mo gbé e sórí itan, kọ̀ǹpútà wà lẹ́yìn mi.

Ọ̀nà yẹn dára níbi tó ti dára. Níbi tí kò ti dára, Sàká máa ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì, níbi táwọn èèyàn ti sá láfún. Àwọn obìnrin tó ń ṣọ́ ọ ò pariwo mọ́, wọ́n kàn máa ń gbé ẹsẹ̀ kúrò. Oko ẹ̀gẹ́ lọ́tùn-ún, ebè iṣu lósì. A dé Masifa, táyà ẹ̀yìn mí kanlẹ̀, ó jókòó.

Fọ́kánáísà wà lábẹ́ igi, ẹgbẹ̀rin náírà ló ní òun máa gbà láti lẹ̀ ẹ́. Bàbá àgbà méjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀. Ní Ẹ̀jìgbò, tí o bá kí àgbà, wọ́n á bi ọ́ pé ọmọ ta ni ẹ́. Ní Masifa, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò. Wọ́n wo ẹrù orí itan mi títí. Bí wọ́n ṣe ń wò ó ló bẹ̀rẹ̀ sí pe Àìlá.

Bátìrì wà nínú ẹ̀. Mo ti gbàgbé.

Bàbá tó ga nínú wọn ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí ló wà nínú aṣọ yẹn?"

"Aago ni, Bàbá."

"Aago ta ni ń pe ìrun?"

"Ti mọ́ṣáláṣí wa ni."

"Mọ́ṣáláṣí wo ló ń rán aago ẹ̀ níṣẹ́ lọ́sàn-án gangan?"

Ṣùgbọ́n wọ́n ti na ọwọ́ sí kẹ́tùrù. Bàbá kejì ti ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, fọ́kánáísà náà ti ju táyà wa sílẹ̀. Mo rí i pé èèyàn mẹ́ta máa kírun tí kò tíì tó nítorí mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ má tíì kírun. Irọ́ ló ń pa."

Gbogbo wọn dúró.

"O ní kí ló ń parọ́?" Bàbá gíga yẹn ti gbé kẹ́tùrù sókè, kì í ṣe fún àlùwàlá mọ́. "Ìpèrun?"

Sàká ló gbà mí. Ó bọ́ sí àárín wa, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Ara ẹ̀ ò yá ni. Mò ń gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti tọ́jú ẹ̀ ni."

"Áà." Bàbá sọ kẹ́tùrù kalẹ̀. "Ọmọ rẹwà báyìí. Ọlọ́hun á wò ó sàn."

Wọ́n fún mi ní ẹ̀pà. Mo jẹ ẹ́. Wèrè kì í kọ ẹ̀pà. Wọ́n ní kí n máa rọra jẹ ẹ́, mo ń rọra jẹ ẹ́. Wọ́n ní bó ti wù kí ọ̀rọ̀ mi rí, àwọn máa dúró de ládàánì àwọn. Fọ́kánáísà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fún táyà ní afẹ́fẹ́ nígbà tí mọ́ṣáláṣí Masifa pe Àìlá. Bàbá gíga wo ojú mi, wọ́n wo ìró ìyá mi, wọ́n mú kẹ́tùrù. A bá wọn kírun ká tó lọ.

Ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ẹ ò ní béèrè ṣọ́ọ̀bù Músíò Ràímì lẹ́ẹ̀mejì. Òkìtì bọ́ọ̀dù òkú tẹlifíṣọ̀n àti DVD ti jáde lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bọ̀ lójú títì. Músíò jókòó sáàárín ẹ̀ bí ọba tí ogun ti kó ìlú ẹ̀.

"Mọ̀npitì!" Ìyẹn ni "ọmọ mi kékeré". Èmi ga jù wọ́n lọ. "Kí lò ń wá?"

Mo sọ orúkọ ṣíìpù náà: 74LVC245.

"Ẹsẹ̀ mélòó ló ní?"

"Ogún ni, sà."

Wọ́n ti ọwọ́ bọ inú òkìtì láìwò ó, wọ́n fa bọ́ọ̀dù kan yọ, wọ́n nawọ́ sí ṣíìpù kan. "Ẹlẹ́sẹ̀ ogún nìyí. Sé bọ̀ng." Ìyẹn ni "ó dáa".

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan."

"Tábìlì rẹ ńlé, ẹsẹ̀ mélòó ló ní?"

"Mẹ́rin, sà."

"Tèmi náà, mẹ́rin. Ṣé o ò lè jẹun lórí tèmi?"

Èmi náà ti ọwọ́ bọ òkìtì. A ṣáà wá a. Nígbà tó yá, mo rí ọ̀kan tí wọ́n kọ 74HC245 sí lára, inú mi dùn, mo pariwo. Nọ́ńbà ẹ̀yìn bára mu pátápátá. Mo ti mú áyánù tí wọ́n fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì pé kí n yọ ọ́ kí n tó rántí lẹ́tà àárín. LVC lè jókòó sórí fóòtì mẹ́ta kó máa gba márùn-ún lẹ́nu ẹlòmíì, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. HC ò lè ṣe irú ẹ̀. Tí mo bá fún un ní mẹ́ta, márùn-ún tó ń bọ̀ á pa á. Tí mo bá fún un ní márùn-ún, yóò gbé márùn-ún náà fún bọ́ọ̀dù mi láìyọ nǹkan kan kúrò, á sì pa ìyẹn. Orúkọ kan náà, ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo fi sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn.

Mo jókòó, mo rò ó. Ìlà méjì péré ni àwọn ṣíìpù yẹn fi ń sọ̀rọ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ṣíìpù ẹlẹ́sẹ̀ ogún ṣe? Risísítọ̀ lásán, èyí tó ń dín iná kù, ti tó. Ẹ to mẹ́ta tó dọ́gba tẹ̀ léra wọn, ẹ jẹ́ kí fóòtì márùn-ún gba inú wọn kọjá lọ sílẹ̀. Ẹni kọ̀ọ̀kan á jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta. Tí ẹ bá wá bu tiyín lẹ́yìn èyí àkọ́kọ́, mẹ́ta àti díẹ̀ ló kù fún yín. Mẹ́fà ni mo nílò fún ìlà méjì, gbogbo ẹ̀ oní-ẹgbẹ̀rún: búráún, dúdú, pupa ni ìlà àwọ̀ ara wọn. Mo ṣa mẹ́fà. Músíò fi mítà wọ̀n wọ́n, méjì nínú wọn jẹ́ oní-ẹgbàárùn-ún. Ọ́rẹ́ǹjì ni mo pè ní pupa. Músíò ṣa méjì míì rọ́pò wọn, wọ́n wọ̀n wọ́n, ọ́rẹ́ǹjì ni tiwọn náà. A gbé àga wa jáde síta, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kò sẹ́ni tó bú ẹnì kejì.

Wáyà pẹlẹbẹ rọrùn, inú DVD kan ni mo ti yọ ọ́. Ìkọ́ wẹ́wẹ́ ló kù. Ìyàwó Músíò, Ìyá Ṣàkírátù, ń bu achékè fún wa lọ́wọ́ nígbà náà. Achékè ni ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin, tí wọ́n fún, tí wọ́n wá fi ooru sè, ó dà bíi gààrí tó kọ̀ láti gbẹ. Wọ́n fi ẹja díndín, àlùbọ́sà àti ata tútù sí i. Mo ń jẹun lọ, mo ń wo píìnì tí wọ́n fi di ìbòrí wọn. Wọ́n rí mi.

"Kí lò ń wò lọ́rùn mi?"

"Ẹ má bínú, Mọ̀mí. Píìnì yín ni."

"Ó ní píìnì mi lòun ń wò. Ràímì, ṣé ẹ gbọ́?"

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, wọ́n mú méjì wá látinú àpótí. Ẹnu píìnì mú, ó lè fara kan ẹsẹ̀ ṣíìpù láìkan èkejì. Ṣùgbọ́n kí ló máa mú wọn dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láìgbọ̀n? Nǹkan tó rọ̀, tí iná kì í gbà kọjá. Gbogbo wa wo ẹsẹ̀ mi lẹ́ẹ̀kan náà. Músíò mú bíléèdì. Wọ́n gé ìgìgìsẹ̀ sílípáàsì òsì mi, mo gún píìnì méjèèjì kọjá nínú ẹ̀, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà àti risísítọ̀ mọ́ ìdí wọn títí dé bọ́ọ̀dù mi, mo so wáyà ilẹ̀ mọ́ ìdí bátìrì aago. Báyìí ni wọ́n ṣe bí Elétí-Ọfẹ.

Mo tan kọ̀ǹpútà. Ìlà kan ló yọ, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ.

Músíò ní, "Wọ́n ti dákẹ́. Wọ́n ti mọ̀ pé à ń gbọ́."

Mi ò tíì tan aago náà ni.

Mo tàn án. Ìlà náà ta bí eyín òòyà, ó kún ojú kọ̀ǹpútà. Ìyá Ṣàkírátù ló ń bá mi di ìgìgìsẹ̀ sílípáàsì mú. Mo ka ti ṣíìpù àkókò: òótọ́ ló ń sọ. Mo pa á, mo tún un tàn, mo kà á lẹ́ẹ̀kejì: òótọ́. Ọ̀gá wọn ń bi í dáadáa, òun náà ń dá a lóhùn dáadáa. Kò sí òpùrọ́ níbẹ̀. Inú mi bàjẹ́. Mo ti gé sílípáàsì.

Ó wá ku èyí tó ń rántí nǹkan. Tí aago bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, ọ̀gá máa ń bi í ní ìbéèrè kan, á sì fún un ní nọ́ńbà méje lésì. Mo ní kí kọ̀ǹpútà sọ nọ́ńbà náà di lẹ́tà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà: ABIDJAN.

Mo kà á síta. Músíò bọ́ fìlà. "Aago yìí ò tíì kúrò ní Abíjàn. Àpótí ẹ̀ nìkan ló wọ bọ́ọ̀sì."

Bó ṣe rí nìyẹn. Níbi tí bàbá mi ti rà á, wọ́n bi wọ́n pé ìlú wo, bàbá mi sì dárúkọ ibi tí wọ́n dúró sí. Nígbà tó dé Ẹ̀jìgbò, ládàánì wa rí i pé ó fi wákàtí kan rẹ̀yìn, ó sún un síwájú, gbogbo wa sì rò pé ó parí. Àkókò tiwa ló ń kà, oòrùn Abíjàn ló wà lọ́kàn ẹ̀. Abíjàn fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa nínú aago, ṣùgbọ́n oòrùn wọn fi bí ìdajì wákàtí péré pẹ́ ju tiwa lọ wọ̀. Tí ẹ bá yọ ọ̀kan nínú èkejì, ìdajì wákàtí tí Ìyá Àgbà fi ṣínu nìyẹn.

Bọ́tìnì kan wà lẹ́yìn aago tí wọ́n kọ "ville" sí. Músíò ní "ìlú" nìyẹn. Èmi ti rò pé orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà lásán ló ń fi hàn, kì í dárúkọ. Elétí-Ọfẹ ló ń sọ fún wa ìlú tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́. A ń tẹ̀, ó ń kà: Dakar, Bamako, Cotonou. Nígbà tó dé Nàìjíríà, kò sí Ẹ̀jìgbò níbẹ̀, kò sí Òṣogbo. Èkó wà, Ìbàdàn wà, Ìlọrin wà. Àfirọ́pò náà la tún ń wá.

Músíò ní, "Mú Ìlọrin. Àwọn aláàfáà ló wà níbẹ̀."

Mo ní, "Oòrùn máa ń wọ̀ ní Ìlọrin díẹ̀ ṣáájú tiwa, sà. A ó tún ṣínu lójú oòrùn."

"Mú Èkó nígbà náà."

"Ìyẹn á pẹ́ jù."

"Ìbàdàn ńkọ́?"

Ìbàdàn fi bí ìṣẹ́jú kan àbọ̀ pẹ́ jù wá lọ. Ẹni tó bá gbààwẹ̀ látàárọ̀ lè fi ìyẹn ki Ọlọ́hun. Mo fi sí Ìbàdàn. Báyìí ni aago Abíjàn tó wà ní Ẹ̀jìgbò ṣe di ará Ìbàdàn ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Músíò kọ̀ láti gbowó risísítọ̀. Wọ́n ní kí n ṣe Elétí-Ọfẹ kan fún àwọn náà, wọ́n sì wo sílípáàsì ọ̀tún mi.

Mo délé kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ń tiro. Lọ́jọ́ kejì, Lèmọ́mù àti Ìyá Àgbà jókòó sí ẹ̀yìnkùlé mọ́ṣáláṣí, wọ́n kọjú sí oòrùn. Oòrùn rọra lọ. Ó pọ́n, ó bọ́ sẹ́yìn igi ẹ̀gúngùn, kò hàn mọ́. Aago ò pè. Ìyá Àgbà wò mí. Aago ṣì ò pè. Mo ti ń wo ọ̀nà tí mo máa gbà sá lọ kó tó pè.

Lèmọ́mù fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n bi mí pé kí ló ṣe é. Mo sọ òótọ́, títí kan bí bàbá mi ṣe dáhùn ìbéèrè. Wọ́n bọ́ síwájú ìjọ, wọ́n ní, "Aago wa ti dé láti Abíjàn. Ẹ kú ewu." Àwọn èèyàn ṣàmín.

Ó kù bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún bàbá mi. Òní ni wọ́n ń bọ̀. Mo ti ń tò ó lẹ́nu látàárọ̀, kó má bàa dùn wọ́n, torí mo ti rí i nínú ìrìn àjò yìí pé ẹni tó bá fẹ́ wá òpùrọ́, ó yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè pé ìlú wo ni...

Ìyá mi ń pè mí. "Wàsíù! Gbé bíírò yẹn sílẹ̀, máa lọ! Bàbá ẹ ti wà ní gáréèjì. Wọ́n ní kí o mú kẹ̀kẹ́ márúwá wá, ẹrù pọ̀. Wọ́n tún ra aago mìíì fún mọ́ṣáláṣí ìlú Isundunrin. Wọ́n ní àwọn ti tò ó tán pátá láti Abíjàn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án!"